Mo Gba Gbogbo Àga Bọ́ọ̀sì Kí Ìyá Ọkọ Mi Má Baà Rí Ọkọ̀ Wọ̀

Kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe lọ́dún 2018, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní ìkà, n óò bá a jà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Lónìí, bí ẹnìkan bá pè mí bẹ́ẹ̀, ohun tí n óò kàn bi í ni pé ta ló sọ fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Karu.

Fẹ́rànmí Bámiṣayọ̀ ni orúkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọbayẹmí ọkọ mi. Ilé oníyàrá méjì là ń gbé ní Karu, àwa àti Ṣèyí, ọmọbìnrin wa, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà.

Ìyá ọkọ mi, Màmá Àwẹ̀ró, ń gbé ní Ìkìrun. Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kì í wá kí wa, wọ́n máa ń wá joyè ni.

Ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún wa. Oṣù Kẹ̀wàá ni wọ́n dé, ọdún tuntun bá wọn lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó ìkòkò mi kúrò níbi tó wà, wọ́n ní ibẹ̀ kò yẹ ìkòkò. Bí mo bá se ọbẹ̀ tán, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á dákẹ́, wọn á wá da iyọ̀ sí i. Ìdákẹ́ yẹn máa ń dùn mí ju iyọ̀ náà lọ.

Láàárọ̀, wọn á gbé àga síta, wọn á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Kò pẹ́ tí ọmọ Hausa tó ń ta omi fún wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹjọ́ mi sun Màmá. Ọmọ yìí kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Hausa.

"Sànnu, Mama."

"Sànnu, ọmọ mi. Ó tún ti jágbe mọ́ ọ?"

"Yauwa!"

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n ẹjọ́ mi ń dé ibi tó ń lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Awọ funfun bo ti òsì pátápátá, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Gàníyátù, aládùúgbò wọn tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé, pè wá lórí fóònù pé Màmá kí aṣọ tí òun sá sórí okùn. Wọ́n ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Pásítọ̀." Aṣọ kò dáhùn. Inú bí Màmá débi pé wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ náà.

A rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ wá yọ awọ ojú fún àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Kúbwà. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì péré ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe fún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá tún rán wọn wá.

"Màmá gbọ́dọ̀ wá," ni ọkọ mi wí. "Ojú ìyá mi ò gbọdọ̀ lọ báyìí."

Mo ní, "Àmín." N kò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan wà, n kò ní dárúkọ wọn, tó ń fi bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá gbé èèyàn láti Òṣogbo wá sí Àbújá lójoojúmọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń mú àga. Èmi ni mo ní àkáǹtì níbẹ̀. Orúkọ mi àti nọ́ńbà mi ló wà lórí rẹ̀. Ọkọ mi, tó jẹ́ ọ̀lẹ nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kàn gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, ó ṣí i sórí fóònù tirẹ̀ náà.

Ẹ ó ní kí ló dé tí Màmá kò lọ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì bí gbogbo ayé. Wọ́n ti dán an wò rí. Ìlọrin ni ọkọ̀ já wọn sí, wọ́n sì ń bá àwọn ará Ìlọrin jà pé kí wọ́n fi ilé ọmọ àwọn ní Karu han àwọn. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi búra pé ọkọ̀ tí wọ́n ti mú àga sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ yóò fa Màmá lọ́wọ́ wọ̀, nìkan ni Màmá yóò máa wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ mi ké sí mi láti yàrá. "Mọ́mì Ṣèyí, bá Màmá mú àga ọ̀la, kí wọ́n lè wà níwájú láàárọ̀ Ajé."

Mo ṣí i lórí fóònù mi. Wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀sì náà síbẹ̀. Àga tó ṣófo máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Èyí tí ẹnìkan bá ti mú á di pupa. Gbogbo rẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ náà. Nísàlẹ̀, bọ́tìnnì kan wà tó ní èèyàn lè mú àga sílẹ̀ báyìí, kó wá sanwó ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra láàárọ̀.

Ẹni tó ṣe bọ́tìnnì yẹn kò mọ ohun tí ìyàwó ilé lè fi í ṣe.

Mo wo àga mẹ́rìnlá náà. Mo rí Màmá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọkàn mi bá sọ fún mi pé, "Fẹ́rànmí, ọjọ́ kan péré ni. Bí wọn ò bá rí ọkọ̀ lọ́la, wọ́n á rí i lọ́tùn-únla. Jẹ́ kí ìkòkò rẹ sinmi díẹ̀ sí i níbi tó wà."

Mo tẹ àga kan. Ó pọ́n. Mo tẹ òmíràn. Nígbà tí mo tẹ mẹ́rin, ó kọ̀ mí, ó ní ẹ̀rọ kan kò lè mú ju mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ kan. Ọmọlúàbí ì bá ti dúró níbẹ̀. Èmi gba tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ mi.

"Mummy, my cartoon!"

"Kátúùnù ẹ ń bọ̀. Mọ́mì fẹ́ wo nǹkan kan."

"Are we travelling?"

"Rárá. A ò lọ síbì kankan."

Mo mú mẹ́rin níbẹ̀. Mo rántí fóònù àtijọ́ ọkọ mi tó ti sán lójú, tó wà nínú dúróà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fi mú mẹ́rin. Méjì tó kù, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì ni mo fi mú wọn. Bọ́ọ̀sì pọ́n látòkè délẹ̀.

Mo fi ohùn ẹni tí nǹkan dùn ké jáde. "Dádì Ṣèyí! Ọkọ̀ ti kún o!"

Ó wò ó lórí fóònù tirẹ̀. "Há! Kíákíá báyìí?"

"Àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò, jàre."

Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn rárá ni pé àkáǹtì kan náà ni gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin ni. N kò mọ̀ pé orúkọ mi ni mo ń kọ sí àga kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí olè bá ń fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti jalè.

Bí ọkọ̀ kan bá ti gbéra láàárọ̀, àga ọkọ̀ ọjọ́ kejì á tún ṣí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣófo. Nítorí náà, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba ọkọ̀ ọjọ́ Ajé tán. Lọ́jọ́ Ajé, ọ́fíìsì ni mo ti gba ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tán, mo kó gbogbo ẹ̀rọ náà dání, títí kan tábílẹ́ẹ̀tì ọmọ tó ní àwòrán ehoro lẹ́yìn.

Rachael, tí a jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì, yọjú wo tábìlì mi. "Madam Fẹ́rànmí, àga mẹ́rìnlá! Ṣé ẹ fẹ́ kó choir lọ òde ni?"

"Iṣẹ́ ọ̀gá ni."

Rachael gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lọ bá ọ̀gá wa sọ pé mò ń ṣiṣẹ́ takuntakun. Ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn mi. Wọ́n wo àga pupa náà títí, wọ́n mi orí. "Fẹ́rànmí, irú ìfarabalẹ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn yòókù."

Nílé, ọkọ mi ti ń ronú gba ọ̀nà mìíràn. "Ohun kan ń ṣẹlẹ̀," ló wí. "Gbogbo Ọ̀ṣun ló ń ya wá sí Àbújá. Kò lè jẹ́ lásán."

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ń gbani síṣẹ́ ìjọba ní bòńkẹ́lẹ́."

Ó ti sọ ọ́ nípàdé àwọn ọmọ Ìkìrun tó wà ní Àbújá. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ̀ọ̀dá Adébíyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pè mí láti ilé. "Fẹ́rànmí, ẹ fi orúkọ ọmọ mi sí i o. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ìta jẹ ẹ́ tán."

"Sí kí ni, sà?"

"Sí ohun tí gbogbo ayé ń wá ṣe níbẹ̀!"

Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ìkànnì náà láti gba ọkọ̀ Ọjọ́rú tán, mo sì rí ohun tó fẹ́ pa mí. Bọ́ọ̀sì méjì. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ti rí i pé ọkọ̀ ń kún lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi èkejì sí i.

Mo jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mo sunkún. Mo gba méjèèjì tán. Ẹ̀wà tó wà lórí iná jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Àárín òórùn ẹ̀wà yẹn ni mo wà tí Màmá pè. "Ìyàwó mi, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn dókítà á lọ. Ṣé n óò bá wọn báyìí?"

"Ẹ máa bá wọn, Mà. Ọkọ̀ ló ń kún."

"Láti ọjọ́ Àìkú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kò burú. Àná ni mò ń wá ọwọ́ ìlẹ̀kùn yàrá mi títí. Mo ti rò pé olè ti yọ ọ́ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in.

Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀, àbí? Mo fẹ́ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí àga bá ṣófo lójijì, ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí gbogbo èrò náà gbà. Irọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo tún gba ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ tán, méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì wa. Mo jáde. Bọ́ọ̀sì funfun kan ló dúró síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa ló sì kọ orúkọ sí i lára.

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ta ni Madam Fẹ́rànmí Bámiṣayọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ kú oríire o! A ti kó wọn dé. Bọ́ọ̀sì yín kejì ṣì wà ní Òṣogbo, bí ẹ bá fẹ́ kó tún kó àwọn yòókù."

Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Gàníyátù di ọwọ́ wọn mú. Lẹ́yìn wọn, àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fọwọ́ lé ọ̀kan léjìká, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n tán. Wọn kò tán.

"Ìyàwó mi dà?" ni Màmá ń pè. "Fẹ́rànmí tó gba odindi ọkọ̀ fún mi dà?"

Ọkọ mi ti jáde sí wa. Màmá jókòó sórí àga ìta, wọ́n sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀-ti-kún ti sú wọn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n ní kí Gàníyátù fa àwọn lọ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní Òṣogbo. Àbdùlsàmàd, ọkùnrin tó ń jókòó sídìí tíkẹ́ẹ̀tì, sọ fún wọn pé ọkọ̀ kò ní èrò, lófìfo ló ń lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí àga, nítorí ẹnìkan ti gbà á tán.

"Mo ní, 'Ta lẹni náà?' Ó ní Fẹ́rànmí Bámiṣayọ̀, Àbújá. Mo pariwo! Mo ní ìyàwó ọmọ mi nìyẹn! Ó gba ọkọ̀ sílẹ̀ dè mí, kò sì jẹ́ kí n mọ̀!" Màmá nu ojú wọn tí kò ríran. "Kí ni n óò wá fi gbogbo àga yẹn ṣe? Mo bá ké sí gbogbo ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu ládùúgbò wa. Olúkúlùkù san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí Àbdùlsàmàd jó."

Ẹ̀rọ wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí orúkọ tó wà lórí àga padà. Gbogbo wọn ló wá gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Fẹ́rànmí Bámiṣayọ̀. Nítòsí Lọ́kọ́ja, sójà kan dá ọkọ̀ dúró, ó gba ìwé orúkọ èrò.

"Ó ní, 'Who be Feranmi?'" ni Alhaji Sùlàímọ́nù wí, baba arúgbó tí irùngbọ̀n wọn funfun dé àyà. "Mo ní èmi ni."

"Èmi náà ní èmi ni," ni ìyá kan wí.

"Gbogbo wa la dáhùn," ni Màmá wí. "Sójà ní, 'Kai! All of una?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ẹni tó ṣe wá lóore ni à ń jẹ́ lónìí. Ó ní kí á máa lọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Àmín ń ró dé ojú títì. Ọkọ mi wò mí, omi ń lé sí i lójú. "Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí? Láì sọ fún mi?" Ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti jìyà jù. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi láti jẹ́wọ́, èmi sì rí àpọ́nlé, mo gbà á.

Mo ní, "Mo kàn fẹ́ yà yín lẹ́nu ni."

A kó wọn wọ pálọ̀. Èyí tó jókòó sórí àga jókòó, èyí tó jókòó sílẹ̀ jókòó, èyí tí kò rí àyè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà náà ni fóònù mi dún. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Mo fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti rí orúkọ wọn lójú rẹ̀.

"Àwọn gan-an ni! Gbé ohùn wọn síta, kí gbogbo wa lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!" Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ni ohùn obìnrin kan wí. "Ìdáyátù lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì wa ní Àbújá. Ṣé Mrs Fẹ́rànmí Bámiṣayọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Òun ni o!" ni gbogbo pálọ̀ dáhùn. "Ọlọ́run á bù kún yín!"

Ìdáyátù ní, "Àmín. Mà, a dúpẹ́ pé ẹ wọ ọkọ̀ wa lónìí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè nípa àwọn ọjọ́ tó kọjá. Láti ọjọ́ Àìkú lẹ ti ń mú gbogbo àga, tẹ́nì kan ò sì ń yọjú. Ọkọ̀ wa ń lọ lófìfo, à ń lé àwọn èrò mìíràn padà. Ẹ̀rọ mẹ́rin lẹ fi ń ṣe é. Fóònù méjì, kọ̀ǹpútà kan, àti tábílẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Ṣèyí."

"That's my tablet!" ni ọmọ mi ké láti yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni Ìdáyátù wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an, "ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Àwọn àgbàlagbà náà yí ojú sí ibi tí mo wà, ojú tí kò ríran, gbogbo rẹ̀ ń wò mí. Mo pa fóònù.

Ọkọ mi yọ tirẹ̀ jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tẹ ibi tí àkáǹtì náà kó ìrìn àjò wa sí. Ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. "Ọjọ́ Àìkú, gbogbo àga. Ọjọ́ Ajé, gbogbo àga. Ìṣẹ́gun..." Ó gbé ojú sókè. "Mò ń wá àga kan fún ìyá mi. Ìwọ lo jókòó sí gbogbo rẹ̀."

Ìtìjú mú mi débi pé mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Alhaji Sùlàímọ́nù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ yìí ṣe ibi, Ọlọ́run fi ṣe oore fún wa. N ò wá mọ èyí tí n óò gbàdúrà lé."

Màmá kò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ká sùn. Ilẹ̀ á mọ́ ká lọ síbi ojú." Mo gbé ọbẹ̀ wá. Màmá tọ́ ọ wò, wọn kò sì da iyọ̀ sí i. Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì, èrò ti kún ìta. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn tiwa tò. Màmá fi ọwọ́ wá èjìká àwọn aládùúgbò wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì wọ́n síwájú, Màmá sì gba ẹ̀yìn gbogbo wọn.

Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n. "Màámi, ẹ bọ́ síwájú."

"Àlejò mi ni wọ́n. Ṣé kí n mú èèyàn jáde nílé rẹ̀, kí n wá ṣíwájú rẹ̀?"

Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde pẹ̀lú bándéèjì lójú. Alhaji Sùlàímọ́nù jáde. Ìyá tó tẹ̀ lé wọn jáde. Ó wá ku Màmá nìkan lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà kan jáde sí wa, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní kí a má bínú, gíláàsì tí àwọn ń fi sínú ojú ti tán.

Nọ́ọ̀sì náà wo Màmá, ó káàánú wọn. Ó yíjú sí mi, torí èmi ni mo di Màmá lọ́wọ́ mú. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè gbé wọn wá? Lọ́jọ́ Ajé, èèyàn ò pọ̀ rárá. Lúdò la fi ń ṣeré lọ́sàn-án."

Mo gbọ́ bí ọkọ mi ṣe mí kanlẹ̀. Màmá fún ọwọ́ mi mọ́ra díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Àwọn ará Ìkìrun padà lọ. Màmá kò lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba fún wa lọ́jọ́ tí wọn yóò ṣe é, ọjọ́ náà sì jìnnà. Ọkọ mi ní ìyá òun kò tún ní wọ ọkọ̀ kankan títí ọjọ́ yẹn. Kò bá mi jà. Ó kàn ń kí mi bí ẹni tí a jọ pàdé ní báńkì.

Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá. "Ẹ darí jì mí, Mà."

"Kí ni mo ṣe fún ọ, Fẹ́rànmí?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Mà. Iyọ̀ ni."

"Iyọ̀ wo?"

Mo ṣàlàyé iyọ̀ fún wọn. Mo ṣàlàyé ìkòkò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń kéré sí i lẹ́nu mi.

"Nítorí iyọ̀ lo ṣe gba ọkọ̀ méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí omi fi jáde lójú wọn, èmi náà sì fẹ́ máa rín. Wọ́n wá ní, "Ìyá ọkọ tèmi náà máa ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó nìyẹn." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi wá orí mi títí wọ́n fi bá a. "Dìde. Mi ò rí ojú rẹ, mi ò mọ̀ bóyá o ń sunkún lóòótọ́."

Mò ń sunkún lóòótọ́.

Títí di òní, ilé ìwòsàn náà ṣì ń sún ọjọ́ wa síwájú, nítorí náà èmi ni ojú wọn báyìí. Bí wọ́n bá jókòó síta, èmi ni mò ń sọ ẹni tó ń kọjá fún wọn kí wọ́n lè kí i. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ wọn, tí mò ń sọ apá ibi tí ẹran wà nínú abọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ìyá ọkọ yín bá ń ṣe ohun tó ń bí yín nínú, ẹ sọ ọ́ fún un lójú, kódà bó bá máa di ìjà. Ìjà á parí. Ohun tí mo ṣe yìí kò tíì parí.

Màmá ló ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, kí àwọn mìíràn lè fi kọ́gbọ́n. Lánàá, mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n bi mí pé,

"Ṣé èèyàn púpọ̀ ló ń ka ìwé náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n ní, "Fi kún un fún wọn pé ojú ọ̀tún mi ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa rò pé ìyàwó ọmọ mi ló fọ́ mi lójú."

Mo ti fi kún un. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sọ ọ́, oòrùn sì ń ràn wọ pálọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n tan iná.